Agboòrùn Ara Òpó

Ní ẹnu ọ̀nà ilé olódi náà, wọ́n bọ́ bàtà bí gbogbo àlejò ṣe ń bọ́ ọ, wọ́n kó o sínú ọ̀rá, kálukú gbé tirẹ̀ dání. Wakana, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti lu òǹtẹ̀ ibẹ̀ sínú ìwé tó fi ń kó òǹtẹ̀ àwọn ilé olódi jọ kí àwọn òbí rẹ̀ tó tú okùn bàtà tán. Ilé olódi mẹ́tàlá ni wọ́n ti jọ rìn dé. Èyí tó sún mọ́ ilé wọn ní Okayama jù ló gbẹ̀yìn, nítorí ọdọọdún ni Shinobu, ìyá rẹ̀, ń wá àwáwí. Lọ́dún yìí, àwáwí tán.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ ti dé ibí rí?" Wakana béèrè.

"Bàbá ẹ ba òpó wọn jẹ́ níbí," Kazuomi fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Rọra gun àtẹ̀gùn, kó o má já lù wá lórí."

Shinobu gbọ́, ó wo ilẹ̀. Ó mọ ọwọ́ tó ba òpó jẹ́. Ọwọ́ tirẹ̀ ni.

Ọmọ ọdún méjìlá ni òun àti Kazuomi nígbà tí kíláàsì wọn wá síbí. Lókè pátápátá, bí àwọn yòókù ṣe ń wo odò lójú fèrèsé, Shinobu lóṣòó síbi tó ṣókùnkùn, ó fi ọ̀rá bàtà bo ọwọ́, ó fa píìnì yọ nínú irun, ó fi ya agboòrùn sára òpó. Ó kọ orúkọ Kazuomi sábẹ́ apá kan, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ èkejì, bí àwọn ọmọdé ṣe ń kọ ọ́ fún àwọn tó ń fẹ́ra.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́tà dé ilé ìwé láti ilé olódi pé wọ́n rí agboòrùn àti orúkọ ọmọ méjì lára òpó. Olùkọ́ ka orúkọ méjèèjì síta, ó ní ta ló ṣe é. Shinobu di ẹnu. Kazuomi ló dìde, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí." Bàbá rẹ̀ wọ́ ọ padà wá kúnlẹ̀ fún alábòójútó ilé olódi náà. Wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀ ní gbogbo ilé ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì fi Shinobu náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí àwọn òbí rẹ̀ fi mú un lọ sílé ìwé mìíràn.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé lágbà, tí Kazuomi ní òun á fẹ́ ẹ ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá òun ni wọn yóò máa gbé, Shinobu ò janpata. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Kobe, ó wá ń sin ìyá ọkọ tí kò yin ọbẹ̀ miso rẹ̀ rí láti ọdún méjìlá sẹ́yìn. Bó bá ti fẹ́ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, á rántí ọmọkùnrin tó tẹrí ba níwájú kíláàsì, á sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ tún pè é síṣẹ́. Ó kọ̀wé pé òun ò wá.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ yóò lé e bá. Shinobu ti pinnu pé òní lọjọ́ náà, lókè níbẹ̀.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ dúró ṣánṣán bí àkàbà. Bí wọ́n ṣe dókè, Kazuomi lọ tààrà síbi òpó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti gbẹ́ ojú kan kúrò lára rẹ̀, ó ga tó àyà Shinobu, wọ́n sì ti fi igi tuntun dí i.

Shinobu wò ó. Lóṣòó lòun wà lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọdé lòun nígbà náà, ọmọdé kì í rántí nǹkan bó ṣe rí.

"Ṣé ibí ni agboòrùn yẹn wà?" Wakana béèrè. "Orúkọ ta ló wà lábẹ́ ẹ̀?"

"Tèmi àti ti ìyá ẹ."

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí ò tiẹ̀ nítìjú." Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ìdí ọ̀rá rẹ̀ ya, bàtà kan já bọ́, ó yí lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀bá àtẹ̀gùn. Wakana sá tẹ̀ lé e.

Kazuomi rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Wakana, nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí. Má bínú."

Ojú ti Shinobu. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ló tún ń bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá Wakana, ẹ má bẹ̀ mí," ó ní. "Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti yẹ kí n sọ fún yín tipẹ́."

"Màmá, ẹ wá wò ó." Wakana ló ń pè ní kọ̀rọ̀, ó ti dojú bolẹ̀ nídìí òpó mìíràn, bàtà lọ́wọ́. "Agboòrùn kan tún wà níbí. Orúkọ yín náà ló tún wà lábẹ́ ẹ̀."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," Kazuomi ní. "Ọ̀kan péré ni mo gbẹ́, èyí tí wọ́n fi igi dí yìí ni."

Shinobu lọ lóṣòó sí ojú ibi tó lóṣòó sí lọ́dún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ó nu eruku kúrò, ó sì rí ìlà tín-ín-rín tí píìnì irun rẹ̀ fà, ó wà níbẹ̀ pérépéré, káfíńtà kankan ò fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni ò sì tíì rí i rí ṣáájú Wakana.