Àmì Kẹfà Inú Adágún

Ilé márùn-ún péré ló kù ní Ìdí-Agbálùmọ̀, Fẹ̀hìntọlá, obìnrin awọnlẹ̀, sì ti fi àmì márùn-ún dúró fún wọn nínú kọ̀ǹpútà. Ó kù kí kọ̀ǹpútà mú àmì tó jìnnà jù lọ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, kó fi ya àpótí, ìyẹn ààlà onígun mẹ́rin, yí abúlé ká. Bí ìjọba kò bá rí àpótí náà gbà lóru yìí, kó fi mọ̀ pé èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀, katakata á wó gbogbo ilé láàárọ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́. Àpótí fẹ̀ dé àárín adágún tó bo abúlé àtijọ́ mọ́lẹ̀. Àmì kẹfà wà níbẹ̀.

"Ta ló pè ọ́? Àbí ẹja náà ti ń kọ́lé?" Ó pa á rẹ́. Àmì náà padà. Ó tún pa á rẹ́. Ó tún padà.

Nǹkan kan ń kán tó, tó, tó, níta ilé ìwé òfìfo láàárín abúlé, níbi tí Fẹ̀hìntọlá ti ń ṣiṣẹ́.

Fẹ̀hìntọlá lu tábìlì gbì! "Ẹni yòówù tí ẹ bá jẹ́, ẹ gbọ́! Bí àpótí yìí bá kan omi, ìjọba ò ní gbà á. Àwọn tó ṣì ń mí ni mò ń jà fún. Bí ẹ bá fẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn wá!"

Àmì kẹfà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bó ṣe gun etí adágún, tó ń bọ̀ wá sínú abúlé, bẹ́ẹ̀ ni àpótí ń kéré sí i, títí ó fi ṣe rẹ́gí. Fẹ̀hìntọlá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló rí ibi tí àmì ọ̀hún dúró sí: ilé ìwé.

Ọkùnrin àgbà kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, omi sì dà sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá," ni Fẹ̀hìntọlá wí, kò wẹ̀yìn. "Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àpótí yìí ránṣẹ́ sí ìjọba."