Abógúnrìn Tó Ki Kìnnìún

Ìfọ́nnu ni àlébù Abógúnrìn ará Ìrẹmọ. Kì í jalè, kì í sì í bá ará àdúgbò jà, àmọ́ bó bá ti yanu báyìí, kí ẹni tó bá rí ọ̀nà tètè máa lọ. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ṣọdẹ. Iṣẹ́ akọ̀wé ni òun fúnra rẹ̀ ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìntì. Ẹran ìgbẹ́ tó mọ̀ kò ju èyí tó ń bá pàdé nínú ọbẹ̀ lọ.

Nígbà tí olórí ọdẹ agbo ilé wọn kú, Abógúnrìn ní òun ni oyè náà tọ́ sí. Ó ti há ìjálá bàbá àgbà sórí, pàápàá oríkì kìnnìún. Ó ní bí òun bá ki kìnnìún lójúkorojú, ńṣe ni yóò tẹríba.

Èṣùbíyì, àgbà ọdẹ tí orúnkún ń dùn, kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Abógúnrìn, kìnnìún tó ti kú la máa ń kì. Èyí tó bá ń wò wá, ẹnu la máa ń pa mọ́ fún un."

"Ẹ̀rù ló ń bà yín, bàbá," ni Abógúnrìn fi dá a lóhùn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, ẹgbẹ́ ọmọ kíláàsì Abógúnrìn lọ wo ẹranko ní ọgbà ńlá kan lókè Ọya. Aminullah, tíṣà ọmọ Ẹdẹ, wà lára wọn. Òun ló fẹ́ Fọláyọ̀, àbúrò Abógúnrìn. Kíláàsì kan náà làwọn méjèèjì jọ jókòó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìdána ni Aminullah kò ti fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, bíi bàbá ìyàwó ni.

Fọláyọ̀ sin wọ́n dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mójú tó ọkọ mi o. Ẹ mọ̀ pé kò lè sọ pé rárá fún yín."

"Ọwọ́ mi ló wà," ni Abógúnrìn wí. "Máa lọ sílé."

Nígbà tí wọ́n dé ọgbà náà, wọ́n wọ mọ́tò àwọn ẹ̀ṣọ́. Abdulsalam, ọmọ Ìlọrin, ló ń wà wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí a bá rí kìnnìún, ẹ dákẹ́." Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Akọ kìnnìún kan dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, ó di ojú, ó ń gbatẹ́gùn. Abdulsalam pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Inú mọ́tò pa lọ́lọ́. Abógúnrìn bá fọwọ́ kan Aminullah.

"Gba fóònù mi. Fídíò kan péré, kí Èṣùbíyì lè rí i."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ká má sọ̀kalẹ̀."

"Èmi ni mo ní kí o sọ̀kalẹ̀. Àbí n kì í ṣe àna rẹ mọ́?"

Aminullah gba fóònù náà. Ó tẹ̀ lé e. Kí Abdulsalam tó bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti wà nílẹ̀. Abógúnrìn wúkọ́, ó gbé ohùn sókè: "Kìnnìún, a-sùn-má-wá-aṣọ-ìbora! Ọ̀gá ijù tí í fi ohùn lé ará oko wálé!"

Kìnnìún la ojú. Kò tẹríba. Ó dìde, ó gbọn eruku ara, ó sì gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta síwájú.

Ó di bó ò lọ, o yà fún mi. Oríkì bàbá àgbà pòórá. Abógúnrìn fò wọ mọ́tò, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn náà mú pinpin. Aminullah ń gbá gíláàsì níta.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Abógúnrìn di ojú, kò ṣí i. Abdulsalam ló tẹ fèrè mọ́tò kíkankíkan, tó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, tó sì wọ́ Aminullah wọlé bí àpò gààrí. Kìnnìún dúró, ó wò wọ́n díẹ̀, ó sì padà sábẹ́ igi rẹ̀.

Fóònù ń ká fídíò ní gbogbo àkókò yìí, ọwọ́ Aminullah ló sì wà. Ta ló fi fídíò náà ránṣẹ́? Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí bọ́ọ̀sì wọn tó kọjá Ẹ̀dúnàbọ̀n, ó ti dé orí Wasáàpù agbo ilé. Àwọn ará ilé kò rí kìnnìún níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn títì ni wọ́n rí, ohùn Aminullah ni wọ́n sì ń gbọ́. Wọ́n fi Èṣùbíyì joyè, tòun ti orúnkún rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Abógúnrìn lọ tọrọ àforíjì nílé Aminullah ní Ìlódè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í, kò lè kànkùn. Fọláyọ̀ rí i láti ojú fèrèsé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Nílé tiwa, a kì í tìlẹ̀kùn mọ́ àna."

Aminullah dìde lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Fọláyọ̀ gbé omi wá. Abógúnrìn gba ife náà, ó ní kí wọ́n forí ji òun. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ ìjálá ní Ìrẹmọ, yóò dìde, yóò ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan nílé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n. Iṣẹ́ tí baba ẹni ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹni, a kò sì lè fi ẹnu lásán jogún ìgboyà. Ẹní bá tan ara rẹ̀ lòrìṣà òkè ń tàn. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀wọ̀ tí Aminullah ń bù fún àna rẹ̀ ni Abógúnrìn fi fà á sínú ewu. Bí ẹnì kan bá bọ̀wọ̀ fún wa débi pé kò lè sọ pé rárá, àwa ló yẹ ká bá a sọ ọ́.