Páì fún Àlejò Lọ́ńdọ̀nù

Oòrùn ò tíì mú ní Òkè-Ìlá tí Àyọ̀kẹ́ fi ba fúláwà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àlejò ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, páì ọsàn wẹ́wẹ́ sì ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù láyé.

Olúwọlé ọkọ rẹ̀ ti lọ pàdé àlejò náà ní Ìkẹjà. Kó tó wọ mọ́tò, ó ní, "Àdéhùn ni o, Àyọ̀kẹ́. Bí ìsinmi bá parí tí kò bá fẹ́ dúró lọ́dọ̀ wa, ó máa padà ni. A ò lè fipá mú un."

Àyọ̀kẹ́ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe páì rí. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń kàwé lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé obìnrin òyìnbó kan lọ́jọ́ Ìsinmi. Obìnrin náà a kọ́kọ́ yan èèpo páì lófìfo, a da ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ kéékèèké lé e kó má baà wú. Àmọ́ Àyọ̀kẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ibòmíràn ni ojú rẹ̀ máa ń wà.

Níbí, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ààrò òyìnbó. Ó da yanrìn sínú ìkòkò ńlá, ó gbé e ka èédú, ó tún kó ẹyin iná sórí ọmọrí rẹ̀. Èèpo àkọ́kọ́ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ìkejì yọ́ wálẹ̀ sí ìdí abọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún.

Ìyá Àkíbù, ara ilé kejì, gbé àtẹ ẹ̀wà tó ń ṣà lọ́wọ́ wọlé. "Ẹ kú uṣẹ́ o. Háà! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, màmá. Páì ló ń wú."

Ìyá Àkíbù pòṣé. "Nítorí oúnjẹ? Ṣé ọ̀gá ọkọ rẹ ni àlejò ọ̀hún ni?"

"Ó ju ọ̀gá lọ. Bí kò bá rí nǹkan jẹ nílé yìí, ó tán fún mi nìyẹn."

"Gúnyán fún un jàre!"

"Kò mọ iyán, màmá. Kò tiẹ̀ gbọ́ èdè wa." Ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí àtẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ẹ̀wà yẹn."

Ó gé bébà sórí èèpo tuntun, ó da ẹ̀wà kún un dé etí, ó gbé e sínú ìkòkò. Ó kúnlẹ̀ nínú èéfín. "Olúwa, má jẹ́ kó wú. Má jẹ́ kó padà lọ."

Nígbà tó ká bébà kúrò, èèpo náà dúró ṣánṣán, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó pariwo Halelúyà. Ìyá Àkíbù ní Alihamudulilahi, ó gba ẹ̀wà rẹ̀. Àyọ̀kẹ́ da kọ́sítáàdì tó ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí sínú páì náà, ó gbé e síbi tó tutù.

Nírọ̀lẹ́, takisí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olúwọlé gbé ẹrù wọlé. Àlejò náà na ọwọ́ fún Àyọ̀kẹ́ láti bọ̀, ó sì tètè fà á padà. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, ó mirí. Wọ́n bu omi, kò mu ún. Àyọ̀kẹ́ gbé páì sórí tábìlì.

Ọmọdébìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jẹ ẹ́ tán láìku èérún, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún obìnrin tó bí i pé, "Ẹ ṣeun, màdáámù, bíi ti màmá mi lọ́hùn-ún ló rí gẹ́lẹ́."