Ìwé Ìbí Rachidatou

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hàsíátù ń tu koríko ìdí ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Jímọ̀, nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé. Ọmọ ọ̀hún ni Maître Rachidatou, obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ẹ̀wù agbẹjọ́rò ní gbogbo Ìfọ̀nyìn, lẹ́bàá bodè Nàìjíríà; Maître ni wọ́n ń pe agbẹjọ́rò níbẹ̀. Ní báyìí, ipò aṣòfin ló ń dù, kò sì sí obìnrin ibẹ̀ tó dù ú rí.

"Ìyá, Mathias tá a jọ ń du ipò yìí ti pè mí lẹ́jọ́. Ó ní láti Nàìjíríà ni wọ́n ti gbé mi wá, pé n kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, wọn á yọ orúkọ mi, wọn á sì bọ́ ẹ̀wù yẹn lọ́rùn mi."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Hàsíátù.

"Ìwé ìbí rẹ ńkọ́?"

"Ó pé. Orúkọ mi wà nínú ìwé ńlá ilé ìgbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n Mathias ní ìwé ṣeé rà lọ́jà. Adájọ́ ní àfi kí ẹ wá búra. Bàbá ò sí mọ́, ẹ̀yin nìkan ló kù."

Hàsíátù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ẹyẹ ẹ̀ga, bẹ̀rẹ̀, ó mú ọkọ́ nílẹ̀, ó sì ń tu koríko lọ. Ó rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ ọmọ náà nílé ìwé, tí tíṣà ní kó gba orí na ọwọ́ kan etí kejì. Ọwọ́ ò dé ibẹ̀. Tíṣà wo ìwé, ó wo ọmọ.

"Ọmọ ọdún méje nìyí, Màdáàmù?"

"Ọwọ́ ló kúrú, tíṣà. Ẹ bi orí rẹ̀ ní nǹkan ná!"

Láti ọjọ́ náà, ipò kìíní lọmọ ń gbà. Ó wá kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ dà nù bí omi inú agbọ̀n.

Hàsíátù lọ bá Àfáà Mùríìdì.

"Àfáà, ẹni tó fọwọ́ lé Kùránì, tó sọ òótọ́, tí àyà rẹ̀ ṣì ń já, kí ni yóò ṣe é?"

Àfáà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Maître! Òótọ́ kì í pani. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ. Ẹ má fi iyọ̀ sí i."

"Mi ò ní fi iyọ̀ sí i rárá."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó gbé Kùránì ọkọ rẹ̀ dání láti ilé. Èèyàn kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Mathias na ìka sí i.

"Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ̀rọ̀ o! Ẹni tó fi ogún ọdún ta gààrí ní Ìgòlò, kí ni kò gbé kọjá bodè rí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Bon, ó dáa, Màmá," ni adájọ́ wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ bí Rachidatou?"

Hàsíátù gbé ọwọ́ lé Kùránì.

"Ikùn mi yìí ni mo fi bí Rachidatou, nílé ìgbẹ̀bí Ìfọ̀nyìn, òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ni ìwé yẹn ń sọ. Mi ò bí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí Ọlọ́run má ṣe gba ìrun mi mọ́."

Adájọ́ da ẹjọ́ Mathias nù. Wọ́n gbé Maître sókè, ariwo gba ìgboro. Nínú ariwo náà ni Hàsíátù ti rọra yọ́ kúrò, ó gun ọ̀kadà lọ sílé, ó bu omi tútù sínú igbá.

Ó kúnlẹ̀ sídìí ọsàn níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ sin Rachidatou sí nígbà tí ibà pa á lọ́mọ ọdún méjì, ó da omi síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i pé ó yá ọmọ kékeré tí òun rí he ní bodè Ìgòlò ní ìwé ìbí rẹ̀.