Ẹ Wá Kọ́gbọ́n ní Gáréèjì Tíṣà

Ẹrù ti kún gáréèjì Tíṣà Malachi l'Érúwà débi pé ọkọ̀ ò ráyè wọ̀ ọ́ mọ́.

Tíṣà wo fídíò mẹ́ta lórí fóònù, ló bá di ọ̀gá.

"Àwọn ará àdúgbò yìí ò mọ ẹrù tò," ló ń wí bó ṣe ń da ìṣó sínú agolo mílíìkì.

Ó fi pákó ṣe pẹpẹ. Ó to ọkọ́ àti àdá sí kọ̀rọ̀.

Báàfù àti korobá ló wá gbé kọ́ ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dojú wọn kọ ògiri, kí eruku má baà wọ inú wọn.

Ìyàwó ẹ̀ yọjú. "Bàbá Keturah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò ẹ̀ sórí wọ́sáàpù."

"Kí ni tìẹ ńbẹ̀?"

Ó ya fọ́tò, ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò: "Ẹ wá kọ́gbọ́n."

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dé.

Màmá Aliyyah ló ṣáájú. Ìdí báàfù ló ń wò, níbi tí kálukú máa ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sí.

ÌYÁ ALIYYAH. ALHAJA MÙÍNÀT. BÀBÁ HÀKÍMÙ.

Ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Àdúrà tẹ́ ẹ gbà fún wa lóṣù tó kọjá, pé kí Ọlọ́run tú àṣírí olè àdúgbò yìí, Ọlọ́run ti gbọ́ ọ."