Ọ̀dà Funfun Lórí Ògiri Tó Ń Làágùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka èyí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá dúró lágbedeméjì á rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà lásán ni mò ń sọ.

1.
Akunlé kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀dà-Parí-Ẹ̀. Kò sí àléébù ilé tí ẹ máa fi hàn án tí kò ní sọ pé, "Ọ̀dà á parí ẹ̀." Ilé bíríkì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ògiri rẹ̀ nípọn, kò sì ní àlàfo nínú. Ìyá rẹ̀ arúgbó wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá ní: "Yàrá yìí ni èmi àti bàbá rẹ ti lo ayé wa. Níbẹ̀ ni kí n ti lo ìyókù." Ọmọ sì ṣèlérí.

Nígbà ayé bàbá, ó gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá náà, ó sì máa ń kó ilẹ̀ inú rẹ̀ kí òjò tó dé. Ọ̀dà-Parí-Ẹ̀ wo kòtò yìí, ó rẹ́rìn-ín. Ó fi kọ́ńkéré dí i, ó gbé kọ́ńkéré náà ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, ó sì ń gbé ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sórí ẹ̀.

2.
Òjò dé. Ìsàlẹ̀ ògiri dúdú, ọ̀dà wú, ó ń bó. Ọkùnrin yìí ha á, ó tún un kùn, ó tún wú. Ó fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó kun ọ̀dà olóròóró lé e, ọ̀rinrin bá fo símẹ́ǹtì, ó yọ lókè. Kí ló ń lé e kiri? Ìtìjú ni. Ta ló máa gbéṣẹ́ fún akunlé tí ògiri ilé tirẹ̀ ń bó?

"Èémí Màámi ló pọ̀ jù nínú yàrá," ló ń sọ. Háà! Èémí arúgbó!

Ìyàwó rẹ̀ ò gbà. Ó lẹ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù mọ́ ògiri, ó dí etí rẹ̀ pinpin. Nígbà tó padà wá wò ó, iwájú ọ̀rá gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún omi.

"Ẹ wò ó, Dádì," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Bó bá jẹ́ èémí ni, iwájú ni ì bá tutù. Inú ògiri lomi ti ń wá. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìta wò."

"Ṣé ìwọ ni akunlé ni, àbí èmi?"

Ìyá dá sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ọmọ mi, kòtò bàbá rẹ ńkọ́?"

"Màámi, ẹ sinmi. Ọ̀dà á parí ẹ̀."

Ó sì ti wọ́ọ̀dúróòbù bo ibẹ̀.

3.
Ikọ́ ìyá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè mí dáadáa mọ́, wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní, "Ẹ̀dọ̀fóró wọn ti gbọgbẹ́. Irú yàrá wo ni wọ́n ń sùn?"

Ọmọ délé, ó wọ́ wọ́ọ̀dúróòbù kúrò. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu dúdú, pákó rẹ̀ ti rà. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó dìde, òòlù ńlá ló mú, kò mú búrọ́ọ̀ṣì.

Ó fọ́ kọ́ńkéré náà fúnra rẹ̀. Ó gbẹ́ kòtò bàbá rẹ̀ padà, títí tó fi rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá, ó sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí omi lè máa ṣàn gba ibẹ̀ lọ dípò kó wọ ògiri. Ó ṣá gbogbo símẹ́ǹtì kúrò lára bíríkì.

"Ẹ ò ní kùn ún?" ìyàwó bi í.

"Rárá. Kó gbẹ ná."

Ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko ló fi dúró. Yanrìn àti ẹfun ló wá fi rẹ́ ẹ, kí ògiri lè máa mí, kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè máa gbẹ jáde.

4.
Ìyá padà sílé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti gbẹ, ọmọ mi. O ṣeun." Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ikọ́ mú un, ó fara ti ògiri títí ikọ́ náà fi rọlẹ̀.

Ó ń gbé yàrá rẹ̀ báyìí, gẹ́gẹ́ bí ìlérí. Ọmọ rẹ̀ máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ikọ́ tí ọ̀dà kankan ò lè parí.

Ẹ gbọ́ o. Bí ògiri yín bá ń làágùn, ẹ má sáré ra ọ̀dà. Ẹ yí ilé po, ẹ wo òrùlé, ẹ wo ilẹ̀ tó ga mọ́ ògiri, ẹ wá ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé. Bí ará ilé bá sì ń sọ òótọ́ fún yín, ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín dí i lẹ́nu. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.