Ọwọ́ Tí Awakireeni Ń Wò

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣọ́ra fún ọwọ́ tó o bá fọkàn tán.

Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ibùdó epo sójú òkun, awakireeni, tó ń fi ẹ̀rọ gbé irin láti òkè, kì í rí ẹrù; ọwọ́ àbúrò rẹ̀ nísàlẹ̀ ló ń wò. Àbúrò juwọ́ pé kó gbé e, ó gbé e. Okùn tí àbúrò kò so le tú, irin já sómi.

Ọ̀gá sáré dé. "Ta ló ní kó o gbé e?"

"Àbúrò mi ni, sà."

"Háà, bọ̀dá mi! Mo ní kẹ́ ẹ dúró! Ọ̀gá, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì."

Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ kireeni lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ó fún àbúrò, ó ní kí ẹ̀gbọ́n máa juwọ́.

Àbúrò gòkè, kò rí ẹrù. "Bọ̀dá mi, ṣé kí n gbé e?"

"Ẹnu mi ò sí níbẹ̀ mọ́." Ẹ̀gbọ́n káwọ́ sẹ́yìn.